Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ẹ́ńjìnnì onítọ́bò: Kí mẹkáníìkì tó tú u, kó mọ ohun tó ń wá

Iṣẹ́ kan wà tó máa ń kó owó wá fún mẹkáníìkì, tó sì tún lè kó owó ọ̀hún jáde lápò rẹ̀ bí kò bá fura. Iṣẹ́ náà ni títú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì mọ́tò, pàápàá jù lọ èyí tó ń lo tọ́bò. Oníbàárà á gbé mọ́tò wá, á ní omi ń gbẹ nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná. Mẹkáníìkì á tú orí ẹ́ńjìnnì, á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, á gba owó iṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tún fi okùn wọ́ mọ́tò náà dé, ojú oníbàárà á ti le koko. Ta ni yóò san owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì? Lọ́pọ̀ ìgbà, mẹkáníìkì ni.

Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé gásíkẹ́ẹ̀tì tó jó ni àìsàn, bẹ́ẹ̀ àmì àìsàn lásán ni. Ohun tó jó o wà níbì kan nínú mọ́tò náà, bí wọn kò bá sì wá a rí, yóò tún jó tuntun. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó bá fẹ́ jèrè nínú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àyẹ̀wò ni títú orí ẹ́ńjìnnì kó tó di àtúnṣe. Ẹni tó ni mọ́tò akérò tàbí mọ́tò ìkẹ́rù náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kó lè mọ ohun tó ń sanwó fún.

Irú ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lára Volkswagen Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, lọ́dún 1975, kò mọ ìyọnu omi rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì yẹn tutù, kò ní rédíétọ̀, kò sì ní tọ́bò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Passat àti Audi A4 tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1.8 onítọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ́ńjìnnì yìí la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ṣì wà lójú títì, ó sì kó gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún jọ.

Sìlíńdà mẹ́rin ló ní, fáàfù ẹ̀ sì jẹ́ 20. Fáàfù márùn-ún ló wà fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, méjì ń jẹ́ kí èéfín jáde. Irin líle ni ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, alumíníọ̀mù ni orí ẹ̀. Bí ooru bá dé, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ, nítorí náà orí ẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ wọ́ bí mọ́tò bá gbóná kọjá ààlà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń dá iná, omi àti ọ́ìlì dúró, kí wọ́n má baà pàdé ara wọn.

Tọ́bò wá fi kún wàhálà yìí. Èéfín gbígbóná tó ń jáde ló ń yí i, ó sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tó ń tì wọnú ẹ́ńjìnnì ń mú kí agbára inú sìlíńdà pọ̀ sí i, agbára yẹn ló sì ń fẹ́ ṣí orí ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo. Ọ́ìlì ló ń jẹ́ kí ọ̀pá inú tọ́bò máa yí láìjẹ ara ẹ̀, omi ẹ́ńjìnnì sì ń gba inú ẹ̀ kọjá láti mú un tutù. Ẹni tó bá tú orí ẹ́ńjìnnì yìí ti fọwọ́ kan ọ̀nà ọ́ìlì àti ọ̀nà omi tọ́bò nìyẹn. Iyanrìn díẹ̀ tó bá bọ́ síbẹ̀ ti tó láti ba tọ́bò jẹ́.

Àyẹ̀wò kí sípánà tó kan bóòtù

Igi gànnàkò má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí mẹkáníìkì tó sọ pé orí ẹ́ńjìnnì ni yóò tú, àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó yẹ̀ wò, wọn kò sì gba ju wákàtí kan sí méjì lọ.

Èkíní ni èéfín. Èéfín funfun tó nípọn, tó ń jáde láti inú sálẹ́ńsà kódà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, máa ń fi hàn pé omi ń wọ ibi tí iná ti ń jó. Bí èéfín bá jọ àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ọ́ìlì ló ń jó, ó sì lè jẹ́ tọ́bò tàbí róbà etí fáàfù ló fà á. Ẹni tó bá tú orí ẹ́ńjìnnì nítorí èéfín tọ́bò ti ṣiṣẹ́ tí kò yẹ kó ṣe.

Èkejì ni ọ́ìlì. Kí ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kó sì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí ọ́ìlì bá ti rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti bá a pàdé. Ẹ́kẹta ni omi. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí wọ́n ṣí ìdérí omi, kí wọ́n tan mọ́tò. Bí omi bá ń hó kùtùkùtù láìtíì gbóná, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ló ń tì í. Ẹ́kẹrin ni kí wọ́n tú pọ́lọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi géèjì wọn agbára sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀ gan-an ju àwọn tó kù lọ, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti já láàárín wọn.

Èkarùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: kí ló mú ẹ́ńjìnnì gbóná? Kí ó wo bóyá páìpù omi tọ́bò ń jò. Kí ó wo bóyá fáánù rédíétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Kí ó wo wọ́tà pọ́ǹpù, nítorí lára àwọn ẹ́ńjìnnì Volkswagen kan, ike ni abẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀. Ike yẹn lè ṣẹ́ kí ara pọ́ǹpù sì dán gbinrin lóde. Kí ó wo bóyá ẹnì kan ti yọ tẹ́mósítáàtì dànù, gẹ́gẹ́ bí àṣà ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, tó sì ń da omi ẹ̀rọ lásán sí i. Omi lásán máa ń jẹ alumíníọ̀mù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dá ihò sí i ní etí gásíkẹ́ẹ̀tì.

Bí iṣẹ́ títú ṣe ń lọ

Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ó sàn kí mọ́tò sun ibi iṣẹ́ mọ́jú. Orí alumíníọ̀mù tí wọ́n bá tú bóòtù ẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná lè wọ́ níbẹ̀, á wá di pé mẹkáníìkì fọwọ́ ara ẹ̀ ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yọ wáyà tó wà lórí odo bátìrì, kí wọ́n dá agbára bẹtiróòlù tó wà nínú páìpù dúró, kí wọ́n sì jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì dà sínú abọ́ tó mọ́. Kí ọmọ iṣẹ́ fi fóònù ya àwòrán gbogbo wáyà àti páìpù kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, kó sì lẹ bébà tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀ mọ́ wọn. Bóòtù ibi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní agolo tirẹ̀. Iṣẹ́jú 20 tí wọ́n bá lò níbí lè gbà wọ́n lọ́wọ́ odindi ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n bá ń tò ó padà.

Kí wọ́n tó yọ táímìn bẹ́líìtì, kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì títí písítìnnì sìlíńdà àkọ́kọ́ yóò fi dé òkè, kí àmì tó wà lára àwọn pọ́lì sì dọ́gba. Lára ẹ́ńjìnnì yìí, bẹ́líìtì ló ń yí ọ̀pá fáàfù èéfín, ṣéènì kékeré kan tó wà lẹ́yìn ló sì ń gba agbára lọ́wọ́ ìyẹn láti yí ọ̀pá fáàfù afẹ́fẹ́. Bí bẹ́líìtì bá ṣì ipò nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà, písítìnnì á gbá fáàfù, fáàfù á sì tẹ̀.

Ibi tọ́bò ni sùúrù ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ooru ti jó bóòtù tó so tọ́bò mọ́ mánífóòlù fún ọdún púpọ̀, wọ́n á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà pẹ̀lú irin. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kí wọ́n ti fi ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà rin wọ́n láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n sì máa tú u síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bóòtù kan tó bá ṣẹ́ sínú irin lè gba àkókò ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ.

Bí páìpù ọ́ìlì tọ́bò bá ti yọ, kí wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ àti róbà dí ẹnu gbogbo ihò lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n má fi àkísà dí i, nítorí òwú àkísà lè já sínú ẹ̀. Bí wọ́n bá fi tọ́bò sílẹ̀ lára mọ́tò, kí wọ́n fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ ibi tó lágbára, kó má baà gbé gbogbo ìwúwo ara ẹ̀ lé páìpù omi.

Bóòtù mẹ́wàá tó di orí mú

Bóòtù gígùn mẹ́wàá ló di tọ́ọ̀pù sìlíńdà yìí mú. Láti ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọ́n ti ń tú u bọ̀ wá sáàárín, wọn kì í sì tú ẹyọ kan tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ dẹ gbogbo wọn díẹ̀, wọ́n á tún padà dẹ̀ wọ́n, kí orí ẹ́ńjìnnì má baà wọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń dì í padà, àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun.

Bí orí kò bá fẹ́ gbéra, kí ẹnikẹ́ni má ti ṣíkúrú-díráfà bọ àárín méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí bóòtù kan ṣì wà tí wọ́n gbàgbé. Kí èèyàn méjì gbé e sókè lọ́gbọọgba, kí wọ́n sì gbé e lé orí igi méjì. Bí wọ́n bá dojú ẹ̀ bolẹ̀, àwọn fáàfù tó ṣí sílẹ̀, tó yọ jáde, ni yóò gbé ìwúwo ẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀.

Ohun tí orí ẹ́ńjìnnì ń sọ

Níbí ni owó iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń sáré kọjá. Kí ó wo orí písítìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Písítìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń dúdú díẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mọ́ tóní bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́, omi ti ń wọ ibẹ̀; oru omi ló fọ̀ ọ́. Kí ó wo gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ níbi tó dojú kọ písítìnnì yẹn, kó wo ibi tó ti já. Kí ó wo àárín fáàfù bóyá ó sán. Kí ó wo etí ihò omi bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kó gbé irin gígùn tó tọ́ dáadáa lé ojú orí ẹ́ńjìnnì, ní gígùn, ní ìbú àti láti igun dé igun, kó sì fi fíìlà géèjì wò ó. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, 0.1, ni Volkswagen fàyè gbà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ríbọ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n fés ì rẹ̀, bí ìwọ̀n tó kù lára ẹ̀ bá ṣì gba fífés. Kí wọ́n sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sán kí wọ́n tó fés ì rẹ̀. Orí tó bá ti sán kò yẹ lẹ́ni tó ń náwó fífés lé.

Ọ́ìlì náà ń sọ̀rọ̀. Bí ọ́ìlì bá ti dì bí ọ̀dà sábẹ́ ìdérí fáàfù, páìpù tọ́bò náà lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan. Lọ́dún 2004, Volkswagen ní Amẹ́ríkà sọ fún àwọn tó ni Passat 1.8 onítọ́bò tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2004 pé àwọn fi kún àkókò tí àwọn yóò fi máa gbọ́ bùkátà ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì bá dì nínú ẹ̀, ó di ọdún mẹ́jọ, fún ẹni tó bá lè fi ìwé hàn pé òun ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Púpọ̀ nínú mọ́tò tòkunbọ̀ ni kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Kó tó padà sórí

Ojú irin méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ẹ̀rọ oníbébà yanrìn yí i. Eruku ẹ̀ á wọ inú ọ̀nà ọ́ìlì, á sì jẹ bẹ́ríìn ẹ́ńjìnnì àti ti tọ́bò. Ike pẹlẹbẹ àti oògùn tó ń tú gásíkẹ́ẹ̀tì ló yẹ. Kí wọ́n fa gbogbo omi àti ọ́ìlì tó bá wà nínú ihò bóòtù jáde, nítorí bí bóòtù bá ti omi mọ́lẹ̀ nínú ihò, kò síbi tí omi yóò gbà, irin ìsàlẹ̀ lè sán.

Bóòtù tuntun ni kí wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n bá dì wọ́n, ṣe ni wọ́n máa ń nà díẹ̀, nínà yẹn ló sì ń di orí mú. Èyí tó ti nà tẹ́lẹ̀ kò ní lè dì í mú bó ṣe yẹ mọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì onítọ́bò gan-an, kì í ṣe èyí tó kàn jọ ọ́ ní Ládípọ̀. Tọ́ọ̀kù rẹ́ńṣì ni kí wọ́n fi dì í, bí ìwé ẹ́ńjìnnì náà ṣe sọ, kì í ṣe bí apá bá ṣe lágbára tó.

Bí bẹ́líìtì bá ti wọlé, kí wọ́n fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì yípo kí wọ́n tó tan iná, kí wọ́n tún wo àmì. Kí wọ́n da ọ́ìlì tuntun àti fílítà tuntun sí i, kí wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì tọ́bò, kí wọ́n sì jẹ́ kí sítátà yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ kó dáná títí ọ́ìlì yóò fi dé òkè. Tọ́bò tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìsí ọ́ìlì lè bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ìṣirò tó yẹ kí oníṣòwò ṣe

Kí a fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní owó iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ₦80,000. Oníbàárà ní òun kò lówó bóòtù tuntun, ₦25,000, àti owó fífés, ₦15,000. Mẹkáníìkì gbà fún un. Wọ́n ti fi ₦40,000 pamọ́ nìyẹn. Mọ́tò padà wá. Gásíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, ₦30,000. Ọ́ìlì àti fílítà, ₦35,000. Omi rédíétọ̀, ₦10,000. Bóòtù àti fífés tí wọ́n sá fún, ₦40,000. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦115,000. Bí mẹkáníìkì bá gbé e lé orí ara ẹ̀, ₦80,000 tó gbà ti lọ, ó sì ti jẹ gbèsè ₦35,000 lé e. Ọjọ́ tí mọ́tò yẹn fi gba àyè mọ́tò mìíràn kò sí nínú ìṣirò yìí o.

Oníbàárà tó ń sá fún owó kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ lè sọ pé: "Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, kí n lè padà sójú ọ̀nà."

Ìdáhùn tó yẹ ni: "Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yín ni mò ń ro. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba owó àyẹ̀wò. Bí mo bá tú u, màá pè yín, ẹ ó fojú ara yín rí ohun tó bà á jẹ́, lẹ́yìn náà la ó jọ dá iye lé e."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń gba mẹkáníìkì là. Kí ó pín iṣẹ́ sí méjì: owó àyẹ̀wò àti títú, lẹ́yìn náà owó àtúnṣe. Kí ó kọ ohun tó rí sínú ìwé, kí òun àti oníbàárà sì fọwọ́ sí i. Bí oníbàárà bá kọ̀ láti ra bóòtù tàbí láti fés, kí ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ó sì sọ pé ẹ̀rí ọwọ́ òun kò dé ibẹ̀. Bí ohun tí oníbàárà kọ̀ bá jẹ́ èyí tó jó gásíkẹ́ẹ̀tì gan-an, kí ó má gba iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí èèyàn kọ̀ kò já owó gbà lápò ẹni.

Ẹni tó ni mọ́tò náà ní ìbéèrè mẹ́ta tó yẹ kó bi mẹkáníìkì ẹ̀ kó tó sanwó: Kí ló jó gásíkẹ́ẹ̀tì yìí? Ṣé wọ́n ti wọn ojú orí ẹ́ńjìnnì, mélòó ni wọ́n rí? Níbo ni bóòtù àtijọ́ wà? Mẹkáníìkì tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo ojú ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó gba owó lé. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí wọ́n tètè jọ jókòó sọ ọ́ kí mọ́tò tó kúrò níbi iṣẹ́, nítorí ọ̀nà jíjìn ni ẹ́ńjìnnì ti máa ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.